Ẹ̀rọ Tí Ń Tọ́ Sẹ́ẹ̀lì, àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ẹ̀jẹ̀ Wọn Jẹ́ SS

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀rọ náà kò tóbi, orí tábìlì gbà á. Wọ́n á so àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ sára rẹ̀ lápá kan. Á fọ ẹ̀jẹ̀ náà, á ṣa sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀, á fún wọn lóúnjẹ, á mú wọn móoru, á jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i tàbí kí wọ́n gba àtúnṣe, á sì dà wọ́n sínú àpò mìíràn lápá kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ ènìyàn kò kàn wọ́n, afẹ́fẹ́ inú yàrá kò kàn wọ́n. Sẹ́ẹ̀lì tó jáde yẹn, alààyè ni. Ara ẹni tó ni ín ni wọn yóò dá a padà sí, láti wò ó sàn.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ni eléyìí já mọ́ fún wa ní Festac àti gbogbo Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí a ti ń ra omi tí a sì ń ṣọ́ iná. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó kàn gbogbo ilé tí ọmọ ti ń jí ní aago méjì òru, tí ó ń ké pé eegun ẹsẹ̀ ń ro òun, tí bàbá ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, tí ìyá ń di aṣọ sínú báàgì nítorí ó ti mọ̀ pé àwọn yóò sùn sí ọsibítù.

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS ni mò ń sọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó ti Nàìjíríà. Iye tí àwọn oníṣègùn máa ń dá ni bíi 150,000 ọmọ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹnìkan tí jẹnótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, tí ara rẹ̀ le koko, tí kò mọ̀ pé òun ru ohunkóhun. Kí AS méjì fẹ́ ara wọn ló ń bí ọ̀ràn, nítorí ọmọ wọn lè jẹ́ SS. Àwọn baba ńlá wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọmọ tó ń wá tó ń lọ. Wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, wọ́n sọ wọ́n ní Kòkúmọ́, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró jayé. Àwọn mìíràn, wọ́n fi abẹ sàmì sí wọn lára kí wọ́n má baà padà wá yọ ìyá wọn lẹ́nu mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ọmọ aláìsàn lásán ni wọ́n. Kò sí ìgbà tí mo rántí èyí tí kì í dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìsàn náà ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ti wọlé. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun pupa kan wà tí ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, hìmóglóbìn ni orúkọ rẹ̀. Ìlànà tí ara fi ń ṣe é wà nínú jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Láàárín ọdún 1956 sí 1957, Vernon Ingram fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú hìmóglóbìn ẹni tó jẹ́ SS: níbi tí ó yẹ kí èròjà kan wà, òmíràn ni ó wà níbẹ̀. Ẹyọ kan yẹn ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto di ohun tó tẹ̀ bí dòjé, tó le, tó ń há sí òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ibi tí ó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rántí nǹkan kan. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọmọ náà ń dán, ó ń sanra, kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìdí rẹ̀ ni pé hìmóglóbìn tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀ sí èyí tí àgbà ń lò. Ti inú oyún yẹn kì í tẹ̀. Ó ń dáàbò bo ọmọ títí di bíi oṣù kẹfà, lẹ́yìn náà jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní BCL11A yóò pa á bí ẹni pa iná, ti àgbà yóò sì gba ipò rẹ̀. Ó wá wọ àwọn onímọ̀ lọ́kàn pé bí àwọn bá lè dí BCL11A lọ́wọ́, ara yóò padà sí èyí tó dára tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ìyá fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù, stem cell ni àwọn dókítà ń pè wọ́n, ìyá sẹ́ẹ̀lì ni èmi yóò máa pè wọ́n lálẹ́ yìí. Bí wọ́n bá tún ìyá ṣe, gbogbo ọmọ tó bá bí yóò dára. Ṣùgbọ́n ìyá sẹ́ẹ̀lì kò ṣeé tún ṣe bí ẹni tún bàtà ṣe. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó o jáde, kí wọ́n dá a mọ̀ láàárín ẹgbàágbèje sẹ́ẹ̀lì mìíràn, kí wọ́n jẹ́ kí ó wà láàyè lẹ́yìn ara, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ lára rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà láìsí ìdọ̀tí kankan. Wíwà láàyè lẹ́yìn ara yẹn ni ìṣòro gan-an.

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn fẹ́ ooru bíi 37°C, bí ooru ara gan-an. Ó fẹ́ ṣúgà, iyọ̀ àti èròjà ìdàgbàsókè nínú omi tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí kíkan omi náà lè wà bó ṣe yẹ. Ohun kan náà tó fẹ́ ni bakitéríà àti olú fẹ́. Bí ẹyọ bakitéríà kan bá bọ́ sínú rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti pọ̀ ju sẹ́ẹ̀lì lọ. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò yára bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀: ooru ń wọlé, afẹ́fẹ́ ń gba ara èèpo kọjá, oúnjẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lu ihò kan péré sí i lára láti yọjú wo ọmọ, ẹ ti bà á jẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ni èèpo ẹyin tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láì lù ú.

Èkó wa yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ títọ́ sẹ́ẹ̀lì yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà gbé àwọn olùwádìí wá sí Yábàá láti mọ ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gánà òde òní, Asibi ni orúkọ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ibà náà sì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Asibi gbádùn. Dókítà Adrian Stokes tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò gbádùn. Ó kó ibà náà nídìí iṣẹ́, ó sì kú sí Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Fáírọ́ọ̀sì Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York wá ń tọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ adìẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, nínú ìgò, láti ìgò dé ìgò, títí ó fi rọ̀ tó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1951. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni gbogbo ayé ṣì ń gbà títí di òní. Àwa pàápàá ṣe é ní Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ilé iṣẹ́ àjẹsára ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ fi dáwọ́ dúró ní 1991. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìtìjú gbáà ni fún wa.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí Stokes. Ihò tí kòkòrò ń gbà wọ inú ìgò sẹ́ẹ̀lì, òun náà ni ó ń gbà jáde lọ bá òṣìṣẹ́. Ní ayé iṣẹ́ ìgò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fún sẹ́ẹ̀lì lóúnjẹ tuntun, wọn yóò ṣí ìdérí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ yàrá olówó iyebíye tí a ń sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tí òṣìṣẹ́ ń wọ aṣọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó ku ojú nìkan. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá wúkọ́ níbi tí kò yẹ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lè ṣòfò. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ ti aláìsàn tó ń dúró dè é lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ó dáhùn èyí. Oríṣiríṣi ló wà. Ọ̀kan tí a ti lò káàkiri ni CliniMACS Prodigy, tí ilé iṣẹ́ Miltenyi Biotec ní Jámánì ṣe, nítòsí ìlú Cologne. Lonza gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Cocoon jáde. Terumo ní Quantum, tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn oníhò tín-ín-rín. Jẹ́ kí n mú Prodigy, kí n rìn ín láti òkè dé ilẹ̀.

Ara ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í kan sẹ́ẹ̀lì rárá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ń gbà. Odidi àkójọ rọ́bà, àpò àti abọ́ kan ni, tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n á fi há sára ẹ̀rọ fún aláìsàn kan, tí wọ́n á sì jù nù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ wá ń fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ rọ́bà yìí láti òde: ó pa ọ̀nà yìí, ó ṣí tọ̀hún, ó fa omi, ó tì í. Ẹ̀jẹ̀ wọlé. Abọ́ kan ń yí bírí láti ya sẹ́ẹ̀lì kúrò lára omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da irin kéékèèké mọ́ ọn, èyí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tí wọ́n ti so mọ́ èròjà tó ń dá ìyá sẹ́ẹ̀lì mọ̀ nípa àmì tó wà lára rẹ̀. CD34 ni wọ́n ń pe àmì náà. Irin náà á lẹ̀ mọ́ àwọn tó ní àmì nìkan. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ á wá gba iwájú mágínẹ́ẹ̀tì kọjá. Àwọn tó ru irin á dúró, àwọn yòókù á ṣàn lọ. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá tú wọn sílẹ̀, ìyá sẹ́ẹ̀lì ni ó kù. Mo rò pé ọgbọ́n yẹn rẹwà púpọ̀.

Lẹ́yìn náà, abọ́ tó ti ń yí yẹn kan náà á di ilé ìtọ́jú. Á móoru, afẹ́fẹ́ tó yẹ á wọ inú rẹ̀, oúnjẹ á máa ṣàn wọlé, ìdọ̀tí á máa ṣàn jáde. Bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn ni wọ́n ń tọ́ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ tó wọlé lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù, àní bílíọ̀nù, láàárín bíi ọjọ́ méjìlá. Òṣìṣẹ́ á tẹ ojú ẹ̀rọ bí ẹni tẹ fóònù, á lọ sùn, á dé láàárọ̀, yóò bá ìwé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru níbẹ̀. Nítorí pé kò sí ibi tó ṣí sílẹ̀, yàrá tí wọ́n gbé e sí kò ní láti gbówó lórí tó ti àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwòsàn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Casgevy. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá. Ilé iṣẹ́ Vertex àti CRISPR Therapeutics ni wọ́n jọ ṣe é. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń lé ìyá sẹ́ẹ̀lì jáde láti inú eegun sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ jáde, wọ́n á kó o lọ sí ilé iṣẹ́, ó lè jẹ́ ní Edinburgh, ó lè jẹ́ ní Memphis. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀ ṣí ara sẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú àáyá, kí ohun tó ń gé jíìnì lè wọlé láti lọ dí BCL11A lọ́wọ́. Wọ́n á dì í sínú nitrogen olómi, wọ́n á dá a padà. Ó kéré tán, aláìsàn nílò mílíọ̀nù mẹ́ta irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Àkókò láti gbà á jáde sí ìgbà tí ó padà dé lè tó oṣù mẹ́fà.

Nínú aláìsàn 31 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi wọ̀n ọ́n, àwọn 29 lo odidi ọdún kan, ó kéré tán, láìsí ìrora ńlá tí ń gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọ̀kan nínú àwọn tó gba ìwòsàn náà ní ìgbà ìdánwò ni Jimi Olaghere, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Atlanta. Orúkọ wa wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, máa san owó rẹ̀ fún àwọn kan nínú àwọn aláìsàn wọn. Ó túmọ̀ sí pé ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham lè rí i gbà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Twenty-Three Road ní Festac níbí má lè rí i. Iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà ni 2.2 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnìkan.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ronú sí owó yìí. Kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ wúrà. Lára ohun tó wọ́n nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú, yàrá olówó iyebíye, àwọn ògbógi díẹ̀ tó wà ní ilé iṣẹ́ díẹ̀ káàkiri ayé, àti èrè ẹni tó ṣe é. Bí ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ bá wà nínú ọsibítù tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí, púpọ̀ nínú ìrìnàjò yẹn kò ní sí mọ́. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó. Ní ọdún 2016, Jennifer Adair àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Fred Hutch ní Seattle tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti fi Prodigy ṣe ìyá sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì rẹ̀ ti gba àtúnṣe, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ẹ̀rọ kan náà. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn láti ìgbà náà ni àwọn ilẹ̀ tí kò ní ilé iṣẹ́ olówó gọbọi. Láti ọdún 2020 ni òun àti àwọn mìíràn ti ń bá Ùgáńdà àti Índíà ṣe ètò rẹ̀. Ní Kampala, Joint Clinical Research Centre tí Dókítà Cissy Kityo ń darí ni ó wà nídìí rẹ̀. Ní Vellore ní Índíà, ọsibítù Christian Medical College ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí tọ́ sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, nínú ọsibítù wọn gan-an, láì fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.

Bí Kampala bá ń múra, tí Vellore ti ń ṣe é, kí ló dé tí Èkó kò lè ṣe é? Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Mile 2 tí ọ̀nà sì já geere, kò ní pẹ́ débẹ̀. Ọsibítù LUTH wà níbẹ̀. Sickle Cell Foundation Nigeria tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀ wà ní iwájú rẹ̀, òun àti LUTH sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún àwọn tó jẹ́ SS, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adetola Kassim láti Vanderbilt ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú wọn, ní 2011, Dókítà Nosakhare Bazuaye àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọsibítù UBTH ní Benin ti fi ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wo ọmọ SS sàn. Ìpààrọ̀ yẹn ń fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ bá ti aláìsàn mu, nínú ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní. Ẹni tí kò ní ni ẹ̀rọ yìí wà fún, nítorí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ gan-an ni wọn yóò tún ṣe. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ ti ṣófo wà nínú ìlú yìí báyìí, àwọn ló ṣòro rí ju ẹ̀rọ lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò Trade Fair, ẹ̀yin ará ASPAMDA tí ẹ ń ta sípíà páàtì, ẹ ó ti máa mi orí, nítorí ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ríra ẹ̀rọ kọ́ ni iṣẹ́. Ìgbà mélòó ni a ti rí ẹ̀rọ ọsibítù tó gba èbúté Tin Can wọlé nínú kọ̀ǹtẹ́nà, tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, tí ó sì kú láàárín ọdún méjì nítorí pé páàtì kan kò sí? Ti ẹ̀rọ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀. Àkójọ rọ́bà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ni aláìsàn kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ló sì ń tà á. Irin kéékèèké yẹn pàápàá, ọwọ́ wọn ló wà. Ẹni tó ra ẹ̀rọ láì dúnàádúrà lórí rọ́bà àti irin, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ òpó. Bí ìjọba Èkó tàbí ti àpapọ̀ bá fẹ́ wọ inú rẹ̀, iye rọ́bà fún ọdún mẹ́wàá ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá wọn sọ, kí wọ́n sì bá Gánà àti Ùgáńdà jọ ra á pọ̀, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀.

Iná ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méjìlá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé wọ́n ti mú iná lọ. Èyí kò dẹ́rù bà mí tó bí ó ṣe ń dẹ́rù ba àwọn kan. Ẹ̀rọ kan lórí tábìlì kò jẹ iná bí odidi ilé iṣẹ́, sólà àti bátìrì tó dára lè gbé e dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dá sí i. Nitrogen olómi tí a fi ń dì sẹ́ẹ̀lì ni kí a bẹ̀rù, nítorí ó ń fò lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tán. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wò ó, ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú.

N kò ní tan yín jẹ. Ẹ̀rọ kan, aláìsàn kan lẹ́ẹ̀kan náà ni. Kò lè wo 150,000 ọmọ lọ́dún. Kí wọ́n tó dá sẹ́ẹ̀lì tuntun padà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn tó lágbára, busulfan, pa èyí tó wà nínú eegun tẹ́lẹ̀. Oògùn yẹn ń mú kí irun re, ó ń bó ẹnu, ó sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ẹni. Ọmọ ọdún méjìlá sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ní àkọ́kọ́. Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ wa báyìí kò gbọ́dọ̀ bọ́: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ tuntun, oògùn ibà, omi mímu dáadáa, penicillin fún àwọn kéékèèké, àti hydroxyurea. Hydroxyurea yìí náà ń jí hìmóglóbìn inú oyún dìde, kápúsù ni, wọ́n ń gbé e mì. A sì ń ṣe é nílé, ní ilé iṣẹ́ Bond Chemical ní Àwẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́. Ẹ bi dókítà yín nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó sì yẹ kí wọ́n ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè gbé mì. Àwọn kan ń lọ káàkiri gbọ̀ngàn ìpàdé àti ọ́fíìsì, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun nínú sáṣẹ́ẹ̀tì pé stem cell ni, wọ́n ní ó ń wo SS. Wọ́n ní láti ara èso ápù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ mi dé ibí, ẹ ti mọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì alààyè ń fẹ́: ooru tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, oúnjẹ, omi, afẹ́fẹ́ tí a wọ̀n, ilé tí kò sí ihò. Ohun tó gbẹ bí ìyẹ̀fun, tó ti jókòó nínú oòrùn Mile 2 láti àárọ̀, kò sí ohun alààyè kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ wà, inú ikùn ni yóò ti dà bí oúnjẹ yòókù, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà dé inú eegun ọmọ. Ti ápù kò sì lè ṣe ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láé. Mo mọ ìyá tó ta wúrà ọrùn rẹ̀ láti rà á, tó sì dá oògùn ọsibítù ọmọ rẹ̀ dúró nítorí wọ́n sọ fún un pé méjèèjì kì í bá ara wọn rìn. Oṣù yẹn kan náà ni ọmọ náà dé yàrá pàjáwìrì.

Ẹ yí sáṣẹ́ẹ̀tì náà po kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC lè wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá oúnjẹ àfikún ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í ṣe oògùn. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí ara ọmọ SS bá gbóná, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọsibítù tàààrà ni, kí ẹ sì mú káàdì jẹnótáìpù rẹ̀ dání.

Fóònù ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS fúnra yín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà ní ọsibítù ìyá àtọmọ ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin tí ẹ bá ní àfikún, ẹ máa pè wá. Olùpè àkọ́kọ́, a ń gbọ́ yín.